Béèrè ọjọ́ kí o tó sanwó ààfin: ìgbéyàwó ọmọ Ìjẹ̀bú ní Udaipur

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Birmingham. Ọmọ Punjabi, ẹ̀yà kan láti àríwá Íńdíà, ni àfẹ́sọ́nà mi. Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, ẹlẹ́sìn Híńdù sì ni àwọn òbí rẹ̀. A ti rí hòtẹ́ẹ̀lì kan létí adágún ní Udaipur, ní Íńdíà, tí owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an ní oṣù Keje, a sì fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sí Kerala, ní gúúsù Íńdíà, fún họ́nímúùnù ọlọ́jọ́ méje. Wọ́n ní ká san àsansílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Bàbá mi, tó jẹ́ díákónì, ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ mí di ẹlẹ́sìn mìíràn níwájú iná tí wọ́n máa ń yí ká níbi ìgbéyàwó wọn. Ìyá mi sì ń béèrè ẹni tó máa san owó orí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú oríire. Jọ̀ọ́, má tíì san àsansílẹ̀ yẹn. Kò ṣàdédé dínwó ní oṣù Keje.

Òjò ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Òjò ńlá Íńdíà máa ń dé etí òkun Kerala ní nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, á wá máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé Rajasthan, níbi tí Udaipur wà, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Bí ẹ bá ń ṣègbéyàwó lọ́wọ́, òjò á máa rọ̀ lé yín lórí; bí ẹ bá sì dé Kerala, ẹ ó bá a níbẹ̀. Mi ò sọ pé Udaipur kò lẹ́wà lásìkò òjò o. Adágún Pichola á kún, àwọn òkè Aravalli á tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó bá ń lọ wo ìlú á gbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ìgbéyàwó Punjabi: ẹṣin, onílù, àgọ́ òdòdó, iná tí ẹ óò yí ká. Kò sí èyí tó ń fẹ́ omi nínú wọn.

Èyí tó wúwo ju òjò lọ ni ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì kò ní sọ fún ọ. Ní àríwá Íńdíà, oṣù mẹ́rin wà nínú ọdún tí ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù kì í gbéyàwó rárá. Chaturmas ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbà pé Vishnu, òrìṣà wọn ńlá, ń sùn lásìkò náà. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà ó máa ń sún síwá sẹ́yìn lọ́dọọdún. Nínú oṣù Kẹfà tàbí Keje ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì parí ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní Dev Uthani Ekadashi, ọjọ́ tí òrìṣà jí. Láti ọjọ́ náà ni ìgbéyàwó á ti máa wọ́ tẹ̀lé ara wọn bíi ti oṣù Kejìlá lọ́dọ̀ wa. Oṣù Kejìlá alára náà ní tirẹ̀. Láti nǹkan bí àárín oṣù náà títí di ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, wọn kì í gbéyàwó, nítorí náà bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìjẹ̀bú bá ní kí ẹ ṣe é lásìkò Kérésì tí gbogbo ayé wà nílé, sọ fún wọn pé àsìkò yẹn ò wọlé lọ́dọ̀ àwọn àna.

Wọ́n tún ń wojú ọ̀run. Bí Àgùàlà bá sún mọ́ oòrùn jù débi pé ojú kò rí i mọ́, wọn ò ní dá ọjọ́ ìgbéyàwó títí yóò fi tún yọ. Àwa náà mọ Àgùàlà tí ń bá oṣù rìn, àmọ́ àwa ò fi dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ń fi í dá a. Àlùfáà wọn, páńdíìtì, ni yóò ka gbogbo èyí pọ̀ mọ́ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí ẹ̀yin méjèèjì, kó tó mú ọjọ́ àti wákàtí wá. Muhurat ni wọ́n ń pe wákàtí rere yìí. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí ó bá bọ́ sí aago kan òru tàbí aago mẹ́ta ìdájí. Kí bàbá rẹ sun oorun ọ̀sán dáadáa lọ́jọ́ náà.

Mo ti rí ìdílé kan tó sanwó gbọ̀ngàn tán kí wọ́n tó béèrè ọjọ́. Nígbà tí ìyá àgbà ọkọ gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n mú, ó ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ òun débẹ̀. Wọ́n yí ọjọ́ padà, owó àsansílẹ̀ bá omi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ọjọ́ kọ́kọ́, ààfin tẹ̀lé e, họ́nímúùnù ló kẹ́yìn. Pe ìyá ọkọ rẹ, ní kó bá ọ gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ páńdíìtì wọn láàrin òpin oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, àti láàrin òpin oṣù Kìíní sí ìparí oṣù Kejì. Bí a bá ní kí n yàn fún ọ, oṣù Kejì ni. Ọ̀sán Udaipur á móoru níwọ̀nba, òru rẹ̀ á tutù débi tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ á fi nílò ìborùn, Kerala á sì gbẹ.

Bi ìyá ọkọ rẹ léèrè ohun kan sí i nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀: ṣé wọn ò ní fẹ́ ètò Sikh, ẹ̀sìn mìíràn tó ti Punjab wá, kún un? Ọ̀pọ̀ ìdílé Punjabi ni Híńdù àti Sikh ti wọnú ara wọn. Bí ìyá àgbà kan bá jẹ́ Sikh, ó lè fẹ́ kí ẹ ṣe Anand Karaj, níbi tí ọkọ àti ìyàwó ti ń yí ìwé mímọ́ wọn, Guru Granth Sahib, ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Gurdwara, ilé ìsìn wọn, ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Àwọn aláṣẹ ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí etí òkun. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ètò ibi tí ẹ máa lò yí padà pátápátá.

Ó kan bàbá rẹ wàyí. Mi ò ní sọ fún díákónì pé eré lásán ni iná yẹn, torí kì í ṣe eré. Agni ni wọ́n ń pe iná náà. Òun ni ẹlẹ́rìí, àdúrà tí páńdíìtì sì ń gbà síbẹ̀, àdúrà gidi ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin méjèèjì á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀méje, bí ìdílé bá ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ìṣísẹ̀ méje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀jẹ́ tirẹ̀: oúnjẹ, agbára, ọrọ̀, ayọ̀, ọmọ, ìgbà tó tura, àti ọ̀rẹ́ títí ayé. Ka ẹ̀jẹ́ wọ̀nyí fún bàbá rẹ lédè Yorùbá kí ọjọ́ tó pé. Mo ti rí i tí ojú àwọn bàbá ń rọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Yíyí iná ká nìkan kì í sọ ènìyàn di Híńdù lábẹ́ òfin Íńdíà. Ibi tí ewu tí bàbá rẹ ń bẹ̀rù wà nìyí: òfin ìgbéyàwó Híńdù ti 1955 kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe Híńdù, ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ jẹ́ Híńdù, tàbí Sikh, Jain tàbí ẹlẹ́sìn Búdà tí òfin kà mọ́ wọn. Nítorí náà, bí alágbàtà kan bá ní òun á bá yín gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní tẹ́ḿpìlì Arya Samaj, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù kan, mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ètò kan fún ọ tí ó ń sọ ènìyàn di Híńdù, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ohun tí ọkàn rẹ fẹ́, má fọwọ́ sí i. Òfin kejì, ti 1954, wà fún ẹlẹ́sìn méjì tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ ti gbé àgbègbè náà fún ọgbọ̀n ọjọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tún lẹ orúkọ yín mọ́ ògiri fún ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn. Nọ́ọ̀sì wo ló máa rí ìsinmi oṣù méjì gbà?

Ẹ ṣe ti ìjọba ní Birmingham. Ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì, ó kéré tán ọjọ́ 29 ṣáájú, kí ẹ fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dání. Bí òfin bá ti tán nílẹ̀, ti ẹbí àti ti ẹ̀sìn nìkan ni ẹ ń gbé lọ sí Íńdíà, ọkàn gbogbo yín á balẹ̀.

Bí bàbá rẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún ọ lórúkọ Jésù, àyè wà fún un. Nígbà tí Priyanka Chopra, òṣèré Íńdíà, fẹ́ Nick Jonas, olórin Amẹ́ríkà, ní ààfin Umaid Bhawan ní Jodhpur ní oṣù Kejìlá 2018, ètò Kìrìsìtẹ́nì wáyé ní ọjọ́ kìíní, bàbá ọkọ tó ti ṣe pásítọ̀ rí ló so wọ́n pọ̀. Ètò Híńdù wáyé ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ méjì, aṣọ méjì, kò sí èyí tí wọ́n fi bo ìkejì mọ́lẹ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ po méjèèjì pọ̀ nínú wákàtí kan kí páńdíìtì àti pásítọ̀ máa wo ojú ara wọn.

Ọ̀rọ̀ owó orí ni kí ẹ yára là mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹbí ọkọ ló ń gbé nǹkan wá. Lọ́dọ̀ tiwọn láyé àtijọ́, ẹbí ìyàwó ló ń kó ẹrù àti owó lọ fún ẹbí ọkọ. Ó sì ti ba ilé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jẹ́, ó ti gba ẹ̀mí àwọn mìíràn, ni ìjọba Íńdíà ṣe fi òfin dè é ní 1961. Ẹni tó béèrè àti ẹni tó san ló jẹ̀bi. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá rẹ, ìbáà jẹ́ mọ́tò tàbí wúrà, ìwọ náà má sì pèsè rẹ̀ láti fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìdána tiyín ẹ ṣe é ní Ìjẹ̀bú, kí alága ìjókòó ṣàlàyé fún àwọn àna pé ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ń dá owó orí padà, torí a kì í ta ọmọ. Wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò tíì rí ìyá Punjabi tí kò fẹ́ràn ìdána.

Nínú ètò tiwọn, àwọn kan nínú ẹbí rẹ níṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn ṣe, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ti ń kù díẹ̀ káàtó nìyẹn torí wọn kò mọ̀ ṣáájú. Arákùnrin ìyá rẹ ni àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, òun àti aya rẹ̀ ni wọ́n máa fi ẹ̀gbà pupa àti funfun, chooda, sí ọ lọ́wọ́ méjèèjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi wàrà ṣàn án. Ìwọ kò ní wò ó títí tí wọn óò fi ṣe é tán. Bí arákùnrin ìyá rẹ kò bá lè wá, ẹ yan ẹni tó máa dúró fún un, kí ó sì mọ̀. Ìkejì ni àbúrò rẹ ọkùnrin: nígbà tí ẹ bá wà níwájú iná, òun ni yóò máa bu ìrẹsì tí wọ́n yan bíi gúgúrú sí ọ lọ́wọ́ tí ìwọ yóò máa dà síná. Ìkẹta ni bàbá rẹ. Nígbà tí ọkọ bá dé lórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn onílù dhol, bàbá yóò pàdé bàbá, arákùnrin ìyá yóò pàdé arákùnrin ìyá, wọ́n á fi òdòdó kọ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n á dì mọ́ ara wọn. Milni ni wọ́n ń pè é. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni, àfi pé ìdúró ni wọ́n ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, nínú àgọ́, yóò fi ọwọ́ rẹ lé ọwọ́ ọkọ rẹ.

Àwọn àbúrò rẹ obìnrin náà níṣẹ́: wọ́n á jí bàtà ọkọ nígbà tó bá bọ́ ọ kó tó wọ àgọ́, wọn ò sì ní dá a padà àfi kó sanwó. Ẹni tó ti gba owó ìlẹ̀kùn rí kò nílò olùkọ́. Àwọn ẹbí ọkọ á sì máa fi owó yí orí rẹ̀ ká kí wọ́n tó fún onílù. Sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ pé bí wọ́n ṣe ń náwó níbẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n má lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí.

Làálì ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n, bí o bá ti lọ síbi ìgbéyàwó Mùsùlùmí nílé. Ọjọ́ àtalẹ̀ pupa, haldi, ni kí ẹ kìlọ̀ fún ara yín nípa rẹ̀: wọ́n á fi í pa ọ́ lójú, lápá àti lẹ́sẹ̀, á sì ta sí ara gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má wọ léèsì débẹ̀. Fún aṣọ ẹbí, ẹ yẹra fún dúdú àti funfun, kí ẹ fi pupa sílẹ̀ fún ìwọ ìyàwó; aṣọ òkè àlàárì ìyá rẹ lè dúró de ọjọ́ ìdána. Owó tí wọ́n bá fún yín nínú àpò ìwé, rúpíì kan máa ń lé lórí rẹ̀: 501, 1,001. Àwọn èèyàn rẹ náà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wàá ju ìrẹsì sẹ́yìn gba orí rẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ, wàá sì bá ọkọ rẹ lọ. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sunkún níbẹ̀. Ìyá rẹ tó mọ ẹkún ìyàwó kò ní béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Chooda yẹn ní ọ̀rọ̀ tó kàn ọ́ gan-an. Àṣà ni pé kí o wọ̀ ọ́ fún ogójì ọjọ́, àwọn mìíràn ń wọ̀ ọ́ tó ọdún kan. Ilé ìwòsàn rẹ kò sì ní gbà kí nọ́ọ̀sì wọ ẹ̀gbà ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí àrùn. Má dúró di ọjọ́ tí wàá bọ́ ọ lójijì kí ìyá ọkọ rẹ tó gbọ́. Sọ ọ́ fún un nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa gbà kí o wọ̀ ọ́ títí tí họ́nímúùnù á fi parí, kí ó fúnra rẹ̀ bá ọ bọ́ ọ pẹ̀lú àdídùn lẹ́nu.

Nípa ibi tí ẹ máa lò, mo mọ̀ pé ààfin tó wà láàrin omi ló wà lọ́kàn rẹ. Maharana Jagat Singh Kejì ló kọ́ ọ láàrin 1743 sí 1746, Taj Lake Palace ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó lẹ́wà ju bí fọ́tò ṣe ń fi hàn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, yàrá rẹ̀ kò tó 100, ẹṣin kò sì lè rìn lórí omi. Ẹ wo ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tí yóò máa sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ní aago mẹ́ta òru. Ní tèmi, hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ilẹ̀ létí adágún, níbi tí ẹ ti máa wo ààfin náà lọ́ọ̀ọ́kán, ló dáa jù. Ẹ lè lọ jẹun alẹ́ kan láàrin omi. Bí owó ọkọ̀ òfuurufú kejì láti Delhi bá wúwo fún àwọn èèyàn rẹ, odi àtijọ́ Neemrana wà ní nǹkan bí kìlómítà 120 sí Delhi, láti 1464 ló ti wà, hòtẹ́ẹ̀lì ni báyìí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ o, ẹ má kó arúgbó púpọ̀ lọ síbẹ̀.

Kí o tó sanwó níbikíbi, béèrè iye yàrá tí wọ́n á fipá tà fún yín, béèrè bóyá wọ́n gbà kí ẹ dáná ní àgbàlá, kí o sì béèrè ibi tí ìlù á wà lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Òfin Íńdíà kò gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní ìta gbangba láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Yorùbá tó máa jó di àfẹ̀mọ́júmọ́ gbọ́dọ̀ ní gbọ̀ngàn inú ilé. Ní ti oúnjẹ, ẹ má retí ẹran màlúù rárá. Ewúrẹ́ ni wọ́n máa ń fún yín níbi tí wọ́n bá ti kọ mutton, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì ní fi ẹran tàbí ọtí sílẹ̀ lálẹ́ tí ẹ bá yí iná ká.

Kerala ọlọ́jọ́ méje nínú oṣù Kejì, ìyẹn dára. Ẹ má lọ ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó. Àṣà wà pé kí ìyàwó padà lọ kí àwọn òbí rẹ̀, pag phera. Nígbà tó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni àwọn òbí rẹ wà, yàrá wọn ni kí o lọ kí wọ́n, kí ẹ jẹun pọ̀, kó tó di pé wọ́n wọkọ̀ padà sílé. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kochi. Ẹ sun oorun ọjọ́ méjì níbẹ̀, torí ó máa rẹ̀ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ gba ojú ọ̀nà lọ sí Munnar, láàrin oko tíì lórí òkè, kìlómítà 130 péré ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ nítorí kọ́nà. Òru méjì tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni Alappuzha, níbi tí ẹ óò sùn nínú ọkọ̀ kettuvallam tí wọ́n fi ń kó ìrẹsì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi okùn agbọn rán pákó rẹ̀ pọ̀ láìkan ìṣó. Òru kan ni, ẹ má san méjì: ọkọ̀ máa ń dúró ní ìrọ̀lẹ́ kí àwọn apẹja lè na àwọ̀n. Ẹ fi òru méjì tó kù sí etí òkun Varkala.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o kọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Nàìjíríà wọ Íńdíà gbọ́dọ̀ ní ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí abẹ́rẹ́ náà sì ti pé ọjọ́ mẹ́wàá. Láìsí i, wọ́n lè dá a dúró sí àhámọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ìgbéyàwó á ti parí kó tó jáde. Kì í ṣe àwọn òbí rẹ nìkan ló kàn. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà láàrin ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń wò, nítorí náà bí ẹ bá ṣe ìdána ní Ìjẹ̀bú tí gbogbo yín sì gba Ìkẹjà lọ sí Delhi lọ́sẹ̀ kan náà, ó kan ìwọ, ó kan ọkọ rẹ, ó kan ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní Birmingham kí ẹ tó wá sílé. Ẹ̀ẹ̀kan ni, títí ayé ló sì ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa wọkọ̀, gba káàdì yẹ́lò lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kà á, kí o fi sínú àpò ọwọ́ ara rẹ.